Àwùjọ tí mo lọ ní Freetown

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ìyá onílé mi yọjú lójú fèrèsé ó ní "kushẹ!", èmi náà dáhùn pé ẹ ṣé mà, mi ò mà tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Kú iṣẹ́ ni mo gbọ́ o. Mama wò mí títí. Àṣé kushẹ ni àwọn Krio, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ tó tẹ̀dó síbẹ̀, fi ń kíra wọn láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, o ṣiṣẹ́ o, o ò ṣiṣẹ́ o.

Àmọ́ ìyẹn kéré sí ti àwùjọ. Lọ́jọ́ kan Mama ní "awujoh" máa wà nílé lọ́jọ́ Sátidé, kí n má pẹ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó dáa, mítìn onílé àti ayálégbé nìyẹn, mo bá jókòó kọ gbogbo ẹ̀sùn mi sínú pépà, omi tí kì í wá, iná tó ń ṣe ségesège, mo gbé kọ́ọ̀tù wọ̀, mo dé'bẹ̀ ni mo bá àwọn ìyá nínú ashobi (aṣọ ẹbí wa náà ni) tí wọ́n ń dín àkàrà nínú agbada ńlá, ẹ̀wà ń hó lórí iná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kún abọ́. Ọdún kan tí ọkọ Mama kú ló pé! Oúnjẹ òkú ni awujoh. Àwa tá a ni ọ̀rọ̀ yẹn, orí gbohùngbohùn nìkan la ti ń lò ó báyìí, "ẹ̀yin àwùjọ, ẹ káàsán o".

Wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọ́n bu oúnjẹ sí i, wọ́n da omi tútù lé e, ìyá àgbà kan la obì ó dà á, ó ń pe àwọn òkú ìdílé lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ àkọ́kọ́ Yorùbá, ti ẹ̀yìn òyìnbó. Onígbàgbọ́ paraku mà ni gbogbo wọn o, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀. Ti egúngún wọn tí wọ́n ń pè ní Ojeh, ó di ọjọ́ mìíràn.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ogun Ọ̀yọ́, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, ló kó nǹkan wọ̀nyí débí. Àjàyí Crowther wà lára wọn, 1821 ni wọ́n mú un, 1822 ló gúnlẹ̀ sí Freetown. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n torí ẹ kú yìí, ẹ kú tọ̀hún.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni olele, ẹ̀gúsí ni egusi, Sátidé ni ọjọ́ fùfú. Ewédú wọn, krain-krain, epo pupa àti ẹran ni wọ́n fi ń sè é pọ̀, kò sí ìjábẹ̀ kankan níbẹ̀, ká má purọ́ ó kọ́kọ́ bí mi nínú, báyìí mò ń tọrọ àfikún.

Ibi tí mo ti ṣìwà hù ni ìgbà tí ìlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù gumbe ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí àpótí, onílù jókòó lé e, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ awọ, ẹnì kan ń fi ọ̀bẹ ha ayùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo pariwo pé ìlù wa rèé! Bàbá kan dá mi dúró, ó ní rárá o, àwọn Maroon, ìran àwọn ẹrú tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ ní Jàmáíkà, ló gbé gumbe wá ní 1800, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Nova Scotia ní Kánádà wá ní 1792 ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn, àwọn yẹn ló sì mú irú ilé onípákó tó ò ń wò lójú títì yẹn wá, ṣé ìyẹn náà tiyín ni? Ẹnu mi wọhò.

Ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni pépà ẹ̀sùn jábọ́ nínú kọ́ọ̀tù mi. Mama kà á sókè fún gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà Mista Mítìn ni wọ́n ń pè mí, omi ò sì tíì wá.