Àyẹ̀wò ọdún 2025: ìwé tí ó dá àbúrò mi padà sí fásitì

Bí mo ṣe ń yẹ ọdún 2025 wò, iṣẹ́ tuntun tí mo rí àti ilé tí a kó kúrò ní Nyanya lọ sí Kubwa ní Àbújá kò gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó gba ọdún náà mọ́ mi lọ́wọ́ ni lẹ́tà tí fásitì kan níhìn-ín ní Òkè Ọya kọ sí àbúrò mi obìnrin nínú oṣù kẹta pé kí ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti ìwé tí a fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda kí n kọ ọ́ síta, nítorí kò fẹ́ kí ìdílé mìíràn tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dákẹ́ nítorí ìtìjú.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni àbúrò mi ní, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó bá mọ àrùn náà mọ bí òtútù ṣe ń jí ìrora rẹ̀ dìde, ọyẹ́ Òkè Ọya kò sì dà bíi ti Ìbàdàn. Ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ ti ọdún 2022 ti da kàlẹ́ńdà àwọn fásitì rú, ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà kejì ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bọ́ sínú oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó wà, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìdánwò.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìṣirò máàkì tí wọ́n fi ní kí ó máa lọ, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n máa ń fi iye yúnítì, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ inú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, sọ máàkì rẹ̀ di púpọ̀, láti orí A tí ó jẹ́ 5 dé F tí ó jẹ́ òdo, kí wọ́n tó fi gbogbo yúnítì tí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún pín àròpọ̀ rẹ̀. Ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, àbúrò mi ní pọ́ìntì 45 nínú yúnítì 18, tí í ṣe 2.50. Yúnítì 18 ti sẹ̀mẹ́sítà àìsàn wọlé pẹ̀lú òdo, bí ẹni pé ó jókòó kọ ìdánwò náà tí ó sì kùnà, CGPA rẹ̀, ìyẹn àròpín gbogbo máàkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sì já sí 1.25. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń béèrè 1.50, nítorí náà wọ́n fi í sí probation, ìyẹn ìkìlọ̀ pé bí máàkì rẹ̀ kò bá gòkè, wọn yóò ní kí ó máa lọ. Ní ọdún kejì, ó kó pọ́ìntì 60 jọ nínú yúnítì 36, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 1.46. Nítorí ohun tí kò tó 0.05 ni wọ́n ṣe ní kí ó máa lọ.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ni pé kí a wá ẹni tó mọ ọ̀gá fásitì náà, kí ìyá wa lè lọ kúnlẹ̀ nílé rẹ̀. N kò kẹ́gàn ìmọ̀ràn yìí, nítorí ẹ̀bẹ̀ àgbà ti tú ọ̀pọ̀ ìdè nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àgbà tó ń darí ẹ̀kọ́ ní fásitì, ni òfin fi àṣẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́, bébà tó wà níwájú àwọn tí ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ fún Sẹ́nétì ni wọ́n sì ń wò. Nítorí ìdí kan náà ni a kò fi gba ọ́fíìsì NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn fásitì, ní Maitama lọ. Ẹnì kan dárúkọ NOUN, fásitì ìjọba àpapọ̀ tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Jabi. Ìmọ̀ràn gidi ni, a sì fi í pamọ́ bí ọ̀nà kejì.

Ìwé tí àbúrò mi kọ́kọ́ kọ kún fún "ẹ ṣàánú mi". A fi ọ̀kan sílẹ̀, a sì fi ẹ̀rí dípò ìyókù. Lẹ́tà ilé ìwòsàn tó kàn sọ pé wọ́n tọ́jú aláìsàn kò tó. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀, kí a sì so àtẹ ìdánwò mọ́ ọn kí ẹni tó ń kà á lè rí i pé ọjọ́ méjèèjì bára mu. Level adviser rẹ̀, olùkọ́ tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún rẹ̀ nímọ̀ràn, tí ó ti gbọ́ nípa àìsàn náà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wá ṣe ìṣirò náà láìka yúnítì 18 ti sẹ̀mẹ́sítà àìsàn: pọ́ìntì 105 nínú yúnítì 54, tí í ṣe 1.94. A parí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ti yí padà, pàápàá oògùn hydroxyurea tí dókítà ti fi í sí, èyí tí í dín bí ìrora náà ṣe ń wá kù. Ìwé náà gba ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀ka àti díìnì kọjá sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà fásitì kí gbèdéke tó pé.

Èsì dé nínú oṣù kẹjọ: kí ó padà, kí ó tún ọdún kejì ṣe lórí probation, kí ó má ṣe gba ju yúnítì 15 lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́. Yúnítì 15 yìí yóò sún ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ síwájú, ó sì dùn ún gidigidi. Lójú tèmi, òun ni ó dára jù nínú ìpinnu náà, nítorí ara rẹ̀ ni ó rò.

Inú ọyẹ́ ni ìdánwò tó ń bọ̀ yìí náà yóò bọ́ sí. A ti gba fọ́ọ̀mù ìsúnsíwájú ìdánwò sílẹ̀ bí ara rẹ̀ bá tún kọ̀, dókítà sì ti kọ ìwé nípa ipò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, èmi àti òun yóò wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kubwa lọ sí Rigasa ní Kàdúná, kí a tó wọ mọ́tò lọ fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ àti lọ́dọ̀ level adviser kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.