Àyẹ̀wò ọdún: okùn la ó máa lò, kì í ṣe gọ́ọ̀mù

Ọdún ti ń lọ sópin, àwọn ọmọ iléèwé ti gba ìsinmi Kérésì. Ó yẹ ká wo iṣẹ́ ọnà tí à ń fi ọ̀rá, ike àti bébà àlòkù ṣe pẹ̀lú wọn, ká mọ èyí tí a ó gbé wọ ọdún tuntun àti èyí tí a ó fi sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìdérí ìgò ike kì í gba gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà á gbẹ lórí wọn, á sì ṣí kúrò bí èépá. Ti àwọn aránbàtà máa ń dì í mú díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò yẹ nínú kíláàsì tí ọmọ ogójì jókòó sí. Ohun tó dùn wá jù ni pé ike tí a bá ti fi gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kùn, àwọn tó ń ra ike fún àtúnlò kì í fẹ́ gbà á mọ́. Iṣẹ́ tí a ní a fi ń dín ìdọ̀tí kù á wá di ìdọ̀tí tí kò ní oníbàárà. Èyí tí a bá so, tí a hun tàbí tí a rán, a lè tú u palẹ̀ lẹ́yìn àfihàn.

Iṣẹ́ síso pọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun aṣọ òkè kí wọ́n tó rán an pọ̀. El Anatsui, ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Nsukka ní 1975, wáyà bàbà ló fi ń so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ títí tí yóò fi tóbi bí aṣọ tó bo ògiri. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé tí wọ́n ń ṣe ní Venice, ní Ítálì, fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ẹ fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ọmọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló gba sùúrù jù. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán. Bí ìdí bá ṣì dí, omi á há sínú rẹ̀, á sì rùn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Igun tí ẹni tó mu ún fi eyín ya náà á bá ọ̀bẹ lọ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sórí okùn lábẹ́ ìbòòji. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e ní ìbú sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta-mẹ́ta, òrùka mẹ́rin tàbí márùn-ún á jáde lára ọ̀kan. Ẹ ki òrùka kan bọ inú èkejì, ẹ gba inú ara rẹ̀ padà, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó bá fà á tagbáratagbára á ya á. Àpò kan, ìyẹn ogún ọ̀rá, á fún yín ní okùn tó súnmọ́ mítà mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tó bá ti mọ irun dídì ló máa ń kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn mẹ́ta pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn yòókù. Ẹ má gbé iṣẹ́ náà kọ́ sínú oòrùn. Oòrùn máa ń mú ọ̀rá gbó, á sì máa já wẹ́wẹ́ sílẹ̀, èyí tó burú ju ọ̀rá odindi lọ. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára.

Ní ti ìdérí ìgò, ẹ kà á kí ẹ tó ya àwòrán. Ìdérí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, nǹkan bí 1,100 ló máa kún mítà kan níbùú lóròó. Bí ọmọ ogójì bá ń mú márùn-ún márùn-ún wá lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Búlúù àti funfun ló sábà máa ń pọ̀ nítorí ìgò omi. Ẹni tó bá ya oòrùn ńlá aláwọ̀ pupa kó tó kà á á dúró síbi kan. Àgbàlagbà ni kó lu ihò: ìdérí á dorí kodò lórí pákó, ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè, ìṣó á sì wọ àárín rẹ̀ láìyọ̀. Ẹ má fi iná mú ìṣó gbóná, èéfín ike kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ihò méjì á fún yín ní okùn tó ń yí kiri; ihò mẹ́rin ló ń di aṣọ. Okùn apẹja la fi ń so ó. Bó bá jẹ́ wáyà, ẹ tẹ orí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn kó má baà gún ọmọ lọ́wọ́.

Bébà ìwé ìròyìn nìkan ló ṣì nílò ohun tó ń lẹ̀, láfún sì tó o. Ife láfún kan, ife omi tútù kan, ẹ pò ó kó má ní kókó, kí ẹ tó da ife omi híhó mẹ́rin sí i. Álúmù ṣíbí kékeré kan kì í jẹ́ kó tètè bu. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má fi kẹ́míkà búlúù tí àwọn aládìrẹ kan ń pò mọ́ ọn sí i, májèlé ni. Ìpele bébà kan ni kí ẹ máa lẹ̀ lóòjọ́, mẹ́rin péré. Èyí tó bá ki jù kì í gbẹ nínú lásìkò òjò.

Fóòmù funfun tí wọ́n ń di oúnjẹ sí, tí Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè ní oṣù kìíní 2024, ẹ má gbà á wọ kíláàsì. Ó ń wó wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé e wọ gọ́tà.

Oṣù kìíní ni ọyẹ́ máa ń gbẹ nǹkan dáadáa, nítorí náà iṣẹ́ bébà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, kí àpò ìdérí máa kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so nǹkan kan, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa tú u palẹ̀ sí ara ògiri kíláàsì.