Ìhanrun Tí Mo Fi Pamọ́

Èmi kì í hanrun. Ohun tí mo ti ń sọ fún Ìyá Ìbejì láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra nìyẹn. Bó bá ní òun ò rí oorun sùn nítorí mi, màá ní ọkọ̀ ló ń kọjá níta. Bó bá bi mí pé ọkọ̀ wo ló ń kọjá láti aago méjìlá òru títí di aago márùn-ún ìdájí, màá ní ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọkàn mi kúkú mọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìhanrun ara mi ló ta mí jí. Mo dìde jókòó, mo ń wá ẹni tó ń ṣe é. Bí mo ṣe mú fóònù nìyẹn, mo fa aṣọ borí, mo ṣí incognito nínú Chrome, ojú ewé tí kì í tọ́jú ibi téèyàn lọ sínú fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun téèyàn lè ṣe sí i. Fìlà àti jígí ojú tó wà nínú àmì incognito yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ gan-an ni. Ẹni tó dé irú fìlà bẹ́ẹ̀, ta ló máa dá a mọ̀?

Òru mẹ́rin gbáko ni mo fi kàwé. Mo kà á pé ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí n máa fi sùn, torí béèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ahọ́n á sún sẹ́yìn, á fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ìkànnì kan ní kí n fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀ lóru, kí n lè mọ bó ṣe le tó. Mo gbà á sílẹ̀. Mi ò láyà láti gbọ́ ọ.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Wi-Fi ń wọ́ bí ìgbín. Táyé ni dókítà ráútà, àpótí tó ń pín Wi-Fi, nílé wa. (Òun la kúkú rán wá pé kó tọ́ ayé wò, ayé Wi-Fi ló yàn láti tọ́ wò.) Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ 192.168.0.1, àdírẹ́sì ráútà wa, ó wọnú ráútà lọ. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ráútà ní inú. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọsílẹ̀ tó bá níbẹ̀ sókè, bí akọ̀wé kóòtù tó ń ka ẹ̀sùn: "Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 12, 'Fóònù Baálé', ìkànnì ìhanrun. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 20, 'Fóònù Baálé', ìkànnì ìhanrun míì."

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi sọ fóònù yẹn lórúkọ, lọ́jọ́ tórí mi ń wú.

Mo pariwo pé, "Incognito ni mo lò!" kí n tó rántí pé kò tíì sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí.

Ọmọ náà fi sùúrù dá mi lóhùn, irú sùúrù tó máa ń dun bàbá ẹni. "Dádì, tẹ́ ẹ bá ti pa incognito dé, inú fóònù yín nìkan ló ti ń gbàgbé ibi tẹ́ ẹ lọ. Kí fóònù tó dé ìkànnì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà, ọwọ́ ráútà ló sì ń gbà béèrè. Ìbéèrè yẹn ni ráútà ń kọ sílẹ̀. 's' tó wà nínú https tó máa ń ṣáájú orúkọ ìkànnì ń bo ohun tẹ́ ẹ kà níbẹ̀, kò bo orúkọ ilé tẹ́ ẹ wọ̀." Ó ní iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa náà lè rí orúkọ yẹn.

Orúkọ nìkan kẹ̀? Ìkànnì tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló ti rojọ́ tán!

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sanwó VPN. Iṣẹ́ rẹ̀ ò le yé èèyàn: gbogbo ohun tó bá ń jáde lára fóònù, ó ti dì í sínú àpò, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ibi tí àpò náà ń lọ nìkan ni ráútà ń rí. Àwọn tó ni VPN ló wá kù tó lè mọ ibi tí mò ń yà sí, àwọn yẹn ò sì bá mi sun yàrá kan náà. Ara tù mí.

Mi ò mọ̀ pé Ìyá Ìbejì ti ní kí Táyé tún ṣí ráútà yẹn fóun. Orúkọ kan ṣoṣo ló bá lábẹ́ 'Fóònù Baálé', láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí dìdájí. Táyé ní, "VPN ni, Mọ́mì. Ẹni tó bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́ ló ń lò ó." Ọmọ burúkú! Ṣé kò mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń lò ó?

Ìyá Ìbejì pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ìbejì, ta ni obìnrin náà?"

Mo jẹ́wọ́ kíá pé ìhanrun ni. Ó wò mí tìtì. "Ìhanrun tí gbogbo ilé ń gbọ́, òun lẹ wá ń sanwó kẹ́ ẹ lè fi pamọ́?"

Mo ṣí Chrome kí n fi ẹ̀rí hàn án. Incognito ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ké sí Táyé kó gbé àkọsílẹ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn wá. Ó ní òun ti pa ráútà, òun sì ti tún un tàn lọ́jọ́ náà, àkọsílẹ̀ ti bá a lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tí mò ń kà, ọjọ́ náà ni kò sẹ́ni tó rí i.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohùn tí mo gbà sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Háà! Bí ayùn tó ń la gẹdú. Ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Nínú fóònù, mo dánu dúró díẹ̀ kí n mí. Àfi bí òmíràn ṣe wọlé: tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń súfèé nídìí. Tèmi béèrè, tọ̀hún dáhùn. Tèmi tún béèrè.

Àwa méjì péré la sì ń sùn ní yàrá yẹn.

Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó pa á. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn ìbejì ti ń yí nílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fà sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí pé:

"Bàbá Ìbejì, báwo ni wọ́n ṣe ń tan VPN yẹn?"