Omijé Tí Mo Wá Tì

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, níbi tí a ti ń dán eré orí ìtàgé wa wò, olùdarí ní kí n rántí ìbànújẹ́ àtijọ́ kan kí n lè sunkún. Mo di ojú, mo wá gbogbo kọ̀rọ̀ ọkàn mi, ṣùgbọ́n orí fífọ́ nìkan ni mo rí níbẹ̀.

Ọgbọ́n tí Lee Strasberg, olùkọ́ àwọn òṣèré, gbé lárugẹ ní Amẹ́ríkà nìyẹn, láti inú iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Stanislavski, olùdarí eré ará Rọ́ṣíà. Stella Adler, òṣèré àti olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, kò fara mọ́ ọn: lẹ́yìn tí ó bá Stanislavski fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Paris ní 1934, ó ní ipò tí ẹni inú eré wà àti ohun tí ó ń ṣe ni kí òṣèré gbájú mọ́. Lójú tèmi, Adler ló jàre.

Olùdarí wá yí ọwọ́ padà. Ó ní kí èmi àti ẹnì kejì mi dojú kọ ara wa, kí a máa tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ síra wa, gẹ́gẹ́ bí Sanford Meisner, olùkọ́ òṣèré mìíràn ní Amẹ́ríkà, ti máa ń kọ́ni nígbà ayé rẹ̀. “Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n.” “Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.” Ó tó ìgbà mélòó kan kí n tó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ti ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà. Kí n tó mọ̀, omi ti ń bọ́ lójú mi, n kò sì rántí ìbànújẹ́ kankan.

Ẹ̀yin òṣèré ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?