Ẹ kọ iṣẹ́ tí olùrànlọ́wọ́ yóò ṣe, kì í ṣe orúkọ àìsàn ọmọ

Bí òbí kan bá fẹ́ kí ìjọba fi olùrànlọ́wọ́ sí ilé ìwé nítorí ọmọ akanda, iṣẹ́ tí ẹni náà yóò máa ṣe ni kí ó kọ sínú lẹ́tà, kì í ṣe orúkọ àìsàn ọmọ. Rẹ́mọ níbí, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí ọmọ mi obìnrin ń lọ, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Orí ọmọ náà pé, ó tilẹ̀ mọ ìṣirò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iṣan ara rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu: ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló lè fi di nǹkan mú, kò sì lè dá dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ ní abala 17 pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí wọn títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Abala 18 sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀kọ́ wọn. Àmọ́ òfin kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìgbẹ́. Àwọn tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí, bíi àwọn tó jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, kò tó láti kárí, ẹni tó ń pín òṣìṣẹ́ sì ní láti mọ ibi tí àìní ti le jù.

Ilé ìwé ti kọ lẹ́tà ṣáájú, wọ́n sì so ìwé dókítà láti ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù mọ́ ọn, síbẹ̀ a kò rí èsì. Nígbà tí mo lọ béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, bàbá kan tó ń tọ́jú fáìlì ka lẹ́tà náà tán, ó ní, “Màmá, àìsàn ni wọ́n kọ síbí. A kì í gba àìsàn síṣẹ́, ènìyàn là ń gbà. Kí ni ẹni náà fẹ́ wá máa ṣe láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde?” Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fún mi ní àga.

Èmi àti tíṣà rẹ̀ bá jókòó, a kọ gbogbo rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. A kọ ọ́ pé láàárọ̀, ẹnì kan ní láti gbé e gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Pé ní àsìkò ìsinmi, ẹni náà yóò ṣí ìdérí ike omi rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ti àgbọ̀n rẹ̀ kí omi má baà pá a lórí. Àti pé ìgbàkigbà tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbẹ́, tíṣà ló ń gbé e lọ, tí àwọn ọmọ yòókù á sì wà láìsí ẹni tó ń kọ́ wọn. Lójú tèmi, ohun tí a kọ gbẹ̀yìn yìí ló ta wọ́n jí, nítorí ìjọba lè gbójú fo ọmọ kan, ṣùgbọ́n kíláàsì odidi tí kò ní olùkọ́ kò ṣeé gbójú fò.

Ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé ni kí ẹ gbé lẹ́tà náà gbà, kí ó ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí kọ́pì kan sì dé SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ tó ní déètì lé kọ́pì tí ẹ ó mú lọ sílé.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Ireland, níbi tí ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NCSE ti ń pín irú àwọn olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún mi pé lọ́dọ̀ wọn pàápàá, ilé ìwé ni wọ́n ń pín wọn fún, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo, àti pé ìtọ́jú ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ìkọ́ni. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ìyá tí wọ́n gbé wá fún wa láti ilé ìwé mìíràn ń tọ́jú ọmọ mi pẹ̀lú ọmọ méjì mìíràn. Àwọn òbí kan a máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó kí ó lè gbájú mọ́ ọmọ tiwọn nìkan. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tó yẹ kí a máa ṣọ́ ni pé, níbi tí tíṣà bá ti ṣọ̀wọ́n, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi ní kí olùrànlọ́wọ́ wá gba kíláàsì, ọmọ á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ilé ìwé ló ni olùrànlọ́wọ́, kò ní bá ọmọ lọ sí girama. Prámárì 5 ni ọmọ mi wà báyìí. Ní sáà kejì Prámárì 6 ni n óò gbé lẹ́tà tuntun lọ, kí ọ́fíìsì lè rí i kí wọ́n tó pín òṣìṣẹ́ fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, mo sì ti bẹ tíṣà rẹ̀ pé kí ó máa kọ ohun tó bá yí padà sí ẹ̀yìn kọ́pì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.