Pípa history rẹ́ nìkan ò tó: ohun tí mo kọ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní Agbowó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ prínǹtì nǹkan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Agbowó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kánkán géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ bí èrò ṣe máa ń wọ́ tìrítìrí tí wọ́n bá ti ní admission jáde lórí CAPS, ìyẹn ìkànnì JAMB tí wọ́n ti ń wo admission, tàbí tí àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ sin ìlú bá fẹ́ gba call-up letter NYSC wọn. Ẹni kan á dìde, ẹlòmíì á jókòó, àga ò ní tíì tutù. Kò sí ẹni tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ nínú wọn. Mi ò sọ agboòrùn o, mi ò sì sọ ṣéńjì, wọn kì í gbàgbé ìyẹn láéláé, inú bùráúsà ni mò ń sọ, ìyẹn Chrome tàbí Firefox tẹ́ ẹ fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó máa ń ṣe bíi pé àwọn gbọ́n jù ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n á parí iṣẹ́ wọn, wọ́n á wo ọ̀tún wọ́n á wo òsì, wọ́n á tẹ Ctrl àti H, wọ́n á pa gbogbo history rẹ́, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sanwó, ó di ilé. Gmail wọn ṣì wà ní ṣíṣí gbayawu! History ò ju orúkọ ibi tẹ́ ẹ yà sí lọ, ẹni tó bá rí i á kàn mọ̀ pé ẹ débẹ̀ ni, kò lè fi í wọlé. Èyí tí wọ́n fi ń wọlé ni cookie. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lou Montulli ló gbé e jáde ní 1994 nígbà tó wà ní Netscape, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bùráúsà nígbà yẹn, torí pé sáìtì ayé ìgbà yẹn kì í rántí ẹnikẹ́ni, gbogbo ojú ewé tẹ́ ẹ bá ṣí, àlejò tuntun ni yín lójú ẹ̀. Ni sáìtì bá ń fún bùráúsà ní nǹkan kékeré kan mú dání, bíi kádì tí wọ́n máa ń fúnni ní ọsibítù, ìgbàkigbà tó bá tún padà wá, kádì yẹn ló máa fi hàn, wọn ò ní bèèrè pásíwọ́ọ̀dù mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá jókòó sídìí bùráúsà yẹn ló ni kádì, wọn kì í wojú.

Màmá kan wá síbi iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì tí wọ́n fẹ́ ká prínǹtì, àwọn fúnra wọn ló tẹ pásíwọ́ọ̀dù wọn, wọn ò jẹ́ kí n wò ó, ìyẹn sì dáa. A prínǹtì tán, wọ́n tẹ X tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lọ. Kò pẹ́ ni ọmọ iléèwé kan jókòó síbẹ̀, ó kọ gmail.com, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù ó ní "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan o." Àpótí ímeèlì màmá ni, tí alẹ́ẹ̀tì báńkì tò lọ rẹrẹẹrẹ, títí kan iye tó kù nínú akáńtì wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ ọmọlúàbí ni. Torí ẹ wò ó, ẹni tó bá ti wọ ímeèlì yín kò nílò pásíwọ́ọ̀dù Facebook yín tàbí ti ibi tẹ́ ẹ ti ń rajà, á kàn tẹ "Forgot password" ni, inú ímeèlì yẹn náà ni ìdáhùn á gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá tẹ X yẹn, fèrèsé lẹ ń tì, ẹ ò jáde.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ log out, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ jáde kúrò nínú akáńtì yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Delete pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Chrome ni o, Firefox ni o, Edge ni o, ibì kan náà ló máa gbé yín lọ. Ibi táwọn èèyàn kì í wò níbẹ̀ ni time range, ìyẹn àkókò tẹ́ ẹ fẹ́ kó pa rẹ́. Tó bá wà lórí "Last hour" tó sì jẹ́ pé láti àárọ̀ lẹ ti jókòó, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, "All time" ni kẹ́ ẹ mú, "Everything" ni Firefox ń pè é, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ máàkì cookies, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ti pásíwọ́ọ̀dù àti ti autofill, ìyẹn ohun tí bùráúsà máa ń bá yín kọ sínú fọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, náà wà níbẹ̀, torí àwọn méjèèjì yẹn lè má sí níbi tójú á ti tètè rí wọn.

Autofill yẹn gan-an, èmi ló ń bà lẹ́rù jù. Ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ẹ ṣí fọ́ọ̀mù kan, ẹ tẹ 080 síbi nọ́ńbà fóònù, kẹ́ ẹ wá wo bí nọ́ńbà àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣe máa yọ sísàlẹ̀ bí ẹni pè wọ́n, ẹ tẹ lẹ́tà A síbi orúkọ, Adébáyọ̀, Àdùkẹ́, Abọ́sẹ̀dé, gbogbo wọn á jáde, àdírẹ́sì ilé wọn náà á tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ fẹ́ yọ, ẹ fi kíì tó ní ọfà lọ bá a, ẹ má tẹ Enter, ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tẹ Delete, lórí Chrome tó wà lórí Windows, á pòórá. Tí bùráúsà bá sì bi yín pé ṣé kí òun tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù fún yín, "Never" ni ìdáhùn.

Ohun tó tún wà ńbẹ̀ tí Ctrl Shift Delete ò lè bá yín ṣe ni fáìlì tẹ́ ẹ dáńlóòdù. Ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́ kí n tún un sọ: tẹ́ ẹ bá pa download history rẹ́, orúkọ fáìlì lẹ pa rẹ́ nínú bùráúsà, fáìlì fúnra ẹ̀ wà nínú fóódà Downloads. Mo máa ń ṣí fóódà yẹn lálẹ́ kí n tó lọ sílé, ẹ̀rù á bà mí fún àwọn èèyàn. NIN slip tòun ti fọ́tò, rèsọ́ọ̀tì WAEC, sítétímẹ́ǹtì báńkì ẹni tí mi ò mọ̀ rí, CV tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá sí. Èmi máa ń pa wọ́n rẹ́, àmọ́ ṣé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa ń ṣe é? Ẹ mú fáìlì yín, ẹ tẹ Shift àti Delete, torí Delete lásán, inú Recycle Bin ló ń gbé e lọ, ẹlòmíì á kàn yọ ọ́ padà níbẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣí WhatsApp Web láti fi gbé fáìlì, ẹ wọ "Linked devices" lórí fóònù yín kẹ́ ẹ yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó dìde.

Ẹ wá gbọ́ èyí o, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ wo pásíwọ́ọ̀dù tó ti tọ́jú pa mọ́ sórí fóònù ẹ̀, dípò kó kàn wọ Gmail, ó wọ Chrome fúnra ẹ̀ pẹ̀lú akáńtì ẹ̀, ó tan sync, ìyẹn èyí tó ń mú kí ohun tó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà bára wọn mu, gbogbo pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà wa. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní òun ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀, ó máàkì gbogbo ẹ̀, ó pa á rẹ́. Bó ṣe délé, kò rí pásíwọ́ọ̀dù kankan lórí fóònù ẹ̀ mọ́. Bí sync ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ níbí, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ẹ yọ akáńtì yín kúrò lára Chrome ná, kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, àwòrán kékeré tó wà lókè lápá ọ̀tún lẹ máa tẹ̀.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kó dé orí pípa rẹ́ rárá. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣí Guest, ìyẹn wíńdò àlejò, tàbí kẹ́ ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N lórí Chrome fún Incognito, ìyẹn wíńdò ìkọ̀kọ̀, tẹ́ ẹ bá ti pa gbogbo wíńdò ẹ̀ dé, cookie àti history ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fáìlì tẹ́ ẹ dáńlóòdù ṣì máa wà o. Kẹ́ ẹ má sì rò pé Incognito sọ yín di ẹni àìrí, ilé iṣẹ́ tó ń tà yín ní dátà ṣì ń rí sáìtì tẹ́ ẹ ń lọ. Àwọn kan pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2020 pé ó ń tọpa àwọn nínú Incognito, nígbà tí wọ́n máa fi yanjú ẹ̀ ní 2024, Google gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ rẹ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí i padà.

Lórí fóònù tiyín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kẹ́ ẹ máa pa gbogbo nǹkan rẹ́ lójoojúmọ́. Cache ni fọ́tò àti nǹkan inú sáìtì tí bùráúsà ti gbà tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, á tún gbogbo ẹ̀ gbà látìbẹ̀rẹ̀, dátà yín ló sì máa jẹ, ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta dátà báyìí. Tí sáìtì kan bá ń ṣe ségesège, ẹ pa ti sáìtì yẹn nìkan rẹ́ nínú settings, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ò mọ̀ sórí tẹ́ ẹ ò sì kọ síbì kankan, ẹ má máàkì ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ wá lórí Google lẹ ò fẹ́ kí ẹnì kan rí, bùráúsà nìkan kọ́ ló ń tọ́jú ẹ̀, ẹ lọ sí myactivity.google.com, ẹ máa bá ọ̀pọ̀ ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń rò ó báyìí pé "yéè, mi ò log out lọ́jọ́sí", ẹ ò nílò kẹ́ ẹ wọ mọ́tò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí akáńtì Google yín lórí fóònù, ẹ wọ Security, ẹ wá "Your devices", kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ò bá dá mọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ yan "Sign out". Facebook náà ní irú ẹ̀, "Where you're logged in" ni wọ́n pè é. Kẹ́ ẹ tún wá pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín lálẹ́ òní, ti ímeèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.