Lauriston Place nínú páálí: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo ti ra páálí tó nípọn méjìlá, bíléèdì, rúlà irin àti gọ́ọ̀mù funfun. Ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n kọ́ ni òpópónà kan ṣoṣo ní Edinburgh, Lauriston Place, bó ṣe rí ní 1879. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì mi ń gbà láàárọ̀ bí mo bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ti ń wù mí. Ṣùgbọ́n ìwé kan ló tì mí dédìí iṣẹ́ yìí: ìwé àdírẹ́sì Edinburgh àti Leith tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Scotland ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Yàtọ̀ sí orúkọ àwọn oníṣòwò, ojú ewé lórí ojú ewé ni orúkọ ilé àánú àti ẹgbẹ́ aláàánú wà níbẹ̀: ti afọ́jú, ti adití, ti ọmọ òrukàn, ti arúgbó tí kò ní alábòójútó, ti aláìsàn tí kò rówó tọ́jú ara rẹ̀. Wọ́n ní akápò, wọ́n ní akọ̀wé. Mo kà á títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo fi àmì sí wọn lórí àwòrán ilẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ńlá ló wà ní Lauriston Place tàbí létí rẹ̀: ilé ọmọ òrukàn George Heriot ní apá àríwá, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Royal Infirmary ní apá gúúsù, ilé ìwòsàn ọmọdé ní Lauriston Lane, àti Chalmers Hospital níwájú díẹ̀. Ibẹ̀ ni màá kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ lásán, èmi ni mo sì fà á. Àwòrán ilẹ̀ ti 1893 sí 1894 tí Ordnance Survey, àjọ ìjọba tó ń wọn ilẹ̀, ṣe ni mo lò fún Infirmary. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan sí 500, ìyẹn ni pé mítà kan lórí ilẹ̀ di mìlímítà méjì lórí páálí. Fún Heriot, mo lo èyí tí wọ́n wọ̀n ní 1849 sí 1853, nítorí ó rẹwà gan-an, ó fi ọgbà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn. Òṣùwọ̀n ìyẹn jẹ́ ọ̀kan sí 1,056. N kò wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo gé ògiri, mo gé fèrèsé, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìgbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ni mo rí i pé ilé Heriot kò tó ìdajì bó ṣe yẹ kó tóbi. Mo tú u palẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ka òṣùwọ̀n kí ẹ tó mú bíléèdì.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Heriot kejì ti dúró. Ilé onígun mẹ́rin ni, àgbàlá wà láàárín, ilé ìṣọ́ sì wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé yóò tètè mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gé e: àgbàlá lẹ ó kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ tó fi ilé yí i ká. Alágbẹ̀dẹ wúrà ọba James ni George Heriot. Ó kú ní 1624, ó sì ní kí wọ́n fi ogún òun kọ́ ilé fún àwọn ọmọkùnrin tí baba wọn ti kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ní 1628, ṣùgbọ́n ogun dé, àwọn ọmọ-ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ England, sì sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. 1659 ni àwọn ọmọ tó wọ ibẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe fèrèsé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kò jọra wọn. Mo fi orí abẹ́rẹ́ ha ọ̀nà wọn sára páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ni Chalmers Hospital gbà mí. Púlọ́ńbà kan tó ń jẹ́ George Chalmers ló fi owó rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1836. Ọdún 1864 ni wọ́n tó ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje

Infirmary ni mo ti ń bá jà láti ìgbà náà. David Bryce ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1870, wọ́n sì ṣí i ní 1879. Wọn kò kọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Wọ́n pín wọ́ọ̀dù sí ilé gígùn tóóró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lápá méjèèjì kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Irú ètò tí nọ́ọ̀sì olókìkí nì, Florence Nightingale, ń jà fún nìyẹn. Fún èmi tí mo ń gé páálí, ó túmọ̀ sí pé ògiri gígùn kan náà ni mò ń gé léraléra. Gọ́ọ̀mù mú kí àwọn àkọ́kọ́ ká kò. Mo lẹ ìwé tín-ínrín sí ẹ̀yìn àwọn tó kù, mo gbé odó lé wọn lórí mọ́jú, wọ́n sì nà tọ́ọ́rọ́.

Bí mo ṣe ń dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ, mo ń kàwé nípa ilé náà. Ilé kékeré kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1729. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ èyí tí William Adam yà, tí ó gba aláìsàn ní 1741, gbogbo ìlú ló dìde. Ẹni tó ní òkúta fi òkúta sílẹ̀, ẹni tó ní igi mú igi wá, àwọn àgbẹ̀ yá wọn ní kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn òṣìṣẹ́ fi ọjọ́ iṣẹ́ wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni. Inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ mi wá, mo kà á fún un.

Ohun tí mo kà tẹ̀lé e ló mú mi gbé bíléèdì sílẹ̀. Dókítà ará Scotland kan, Archibald Kerr, tó wà ní Jamaica, fi oko rẹ̀ tó ń jẹ́ Red Hill sílẹ̀ fún Infirmary nígbà tó kú. Ní 1750 ni ogún náà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́: ilẹ̀ 420 ékà, pẹ̀lú ènìyàn 39 tí wọ́n sọ di ẹrú. Wọ́n kà wọ́n mọ́ ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn. Owó tó ń wọlé láti oko yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn, tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn. Oko ẹrú dópin ní Jamaica ní 1838, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Red Hill kò kúrò lọ́wọ́ ilé ìwòsàn títí ọdún 1890 fi kọjá. Àjọ ètò ìlera tó ń bójú tó ilé ìwòsàn náà lónìí ti gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀.

N kò lè kọ́ ilé náà kí n má fi àwọn ènìyàn 39 yẹn sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n gé erékùṣù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé mò ń lé wọn jìnnà. Mo wá gbé wọ́ọ̀dù kúrò lórí pákó, mo lu ihò 39 sí ibi tí ìpìlẹ̀ wà, mo sì tú ìlẹ̀kẹ̀ kan tí màmá mi fi ránṣẹ́ sí mi, mo fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. N kò ní lẹ Infirmary mọ́ pákó. Ẹni tó bá gbé e sókè ni yóò rí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, gba oyè ìṣègùn M.D. ní Yunifásítì Edinburgh ní 1889. Baba wọn wà lára àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ sí Sierra Leone. Inú Infirmary yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì náà ti ń kọ́ iṣẹ́. Ọdún tí Obadiah ń gba oyè yẹn, Red Hill ṣì wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn.

Mo ti yí ọdún iṣẹ́ yìí padà. Kì í ṣe 1879 mọ́, 1889 ni. Heriot ti di ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ tí ó ń bọ̀ láti 1886, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà n kò ní tú ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

Mo ṣe pákó kékeré kejì fún ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò sí ní Lauriston Place. Ní Ramsay Lane, lẹ́bàá ilé olódi orí òkè, ni pásítọ̀ Thomas Guthrie dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ alákìísà sílẹ̀ ní 1847. Heriot ní òfin nípa ọmọ tí yóò gbà. Ọmọ ìgboro tí kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Guthrie fún wọn ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, àsáró ọkà tí a ń pè ní kúékà nílé wà lára rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ bí ìránṣọ, bàtà ṣíṣe àti iṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n Bíbélì ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì nìkan ló fẹ́ kí gbogbo wọn kọ́, èyí sì dun àwọn tí ọmọ Kátólíìkì jẹ́ lógún. Wọ́n yapa, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sílẹ̀. Ó dùn mí pé irú iṣẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀ ní irú ààlà bẹ́ẹ̀ nínú.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Ọ̀dà kíkùn. Èéfín èédú ti sọ òkúta ìlú náà di dúdú láyé ọjọ́un, nítorí náà mo fi dúdú díẹ̀ po àwọ̀ eérú, mo sì fi aṣọ nu ún kí ó tó gbẹ. Wọ́ọ̀dù mẹ́ta ló kù tí kò tíì ní òrùlé.

Lánàá ni mo gé ènìyàn kan ṣoṣo tí yóò dúró lẹ́nu géètì Infirmary ní 1889. Ní òṣùwọ̀n wa, kò ju mìlímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Mo kùn ún ní kóòtù dúdú, mo sì gún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kàn-ìnkàn-ìn kan lójú fèrèsé kí ọ̀dà ara rẹ̀ lè gbẹ.